Omi Tó Ń Ṣàn Kọjá Kì í Ṣe Òfò

 

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe omi inú àmù, kì í sì í ṣe omi òjò. Ọ̀rọ̀ omi odò ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, a wà nínú kíláàsì wa ní Adido. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ojú pátákó ni "odò". Mo ní kí olúkúlùkù fi ọ̀rọ̀ náà sọ gbólóhùn kan. Ìyá kan ní, "Odò ti fà." Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, "Mo pa ẹja nínú odò." Nígbà tó kan bàbá kan tó ń gbin tòmátì àti ata létí odò, ó dìde dúró. Bàbá yìí ní ẹ̀rọ tí ń fa omi sí oko. Ó ní, "Olùkọ́, àwọn àgbà ní omi tí ènìyàn yóò mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Gbogbo omi Wémè tó ń kọjá lọ sínú òkun yìí, òfò ni. Bí mo bá lágbára, ibí yìí ni màá sé gbogbo rẹ̀ mọ́."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àgbà ni bàbá, n kò sì lè já a níyàn lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan. Àwọn onímọ̀ àti àwọn ìjọba náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìdáhùn mi sílẹ̀, kí bàbá lè fi ojú ara rẹ̀ kà á, kí ẹ̀yin náà sì kà á.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Omi tó ń ṣàn kọjá kì í ṣe òfò. Iṣẹ́ ló ń lọ ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó sé odò tàbí kó fa omi rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ẹnu kò lórí èyí tí yóò kù fún odò fúnra rẹ̀ àti fún àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀.

Odò méjì wa

Àwa ará Ṣábẹ wà láàrin odò méjì. Wémè wà ní ìwọ̀-oòrùn wa. Ọ̀pàrà wà ní ìlà-oòrùn wa, òun ló sì ṣe ààlà láàrin Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ní ìhà ibẹ̀.

Wémè ni odò tó gùn jù lọ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 510. Orísun rẹ̀ wà ní àwọn òkè tó wà ní ìhà àríwá. Ó ṣàn wá sí ọ̀dọ̀ wa, ó gba abẹ́ afárá wa kọjá, ó sì ń lọ sí gúúsù. Ọ̀pàrà lọ bá a lọ́nà. Odò Zou náà lọ bá a láti ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn wọ inú ọ̀sà Nokoué ní ẹ̀bá Kútọnu àti ọ̀sà Àjàṣẹ́, kí wọ́n tó dé òkun.

Ẹ kíyè sí i pé àwa kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ létí odò yìí, a kò sì ni ẹni ìkẹyìn. Àwọn kan wà lókè wa. Àwọn ará Párákú ń mu omi Ọ̀pàrà, nítorí pé wọ́n ti sé odò náà ní ìtòsí ìlú wọn kí wọ́n lè rí omi ẹ̀rọ mu. Àwọn kan sì wà ní ìsàlẹ̀ wa, láti Kétu títí dé àwọn tó kọ́ ilé wọn sórí omi ní Ganvié. Omi kan náà ni gbogbo wa ń bù.

Ẹ tún kíyè sí i pé odò wa kì í wà bákan náà látìgbà dé ìgbà. Láti oṣù kẹjọ dé oṣù kẹwàá, Wémè máa ń kún, yóò sì pọ́n bí ẹrẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì àti oṣù kẹta, òkúta àti iyanrìn ni ẹ ó máa rí níbi púpọ̀, omi yóò wá kù ní ibi jíjìn nìkan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi máa ń mú mi lọ gbẹ́ ihò sínú iyanrìn ìsàlẹ̀ odò tó ti gbẹ. A ó jókòó tì í, a ó máa fi igbá bu omi díẹ̀díẹ̀ bó ti ń sun. Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí mo ń sọ. Ilẹ̀ olókùúta ni ilẹ̀ Ṣábẹ. Inú pàlàpálá òkúta ni omi ń fara pamọ́ sí, kì í ṣe gbogbo ibi tí a bá gbẹ́ kànga sí ni a ti ń rí i.

Iṣẹ́ tí omi tó ń kọjá ń ṣe

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Kí ni omi tó kọjá ní Ṣábẹ ń lọ ṣe?

Èkíní, ó ń lọ bí ẹja. Nígbà tí odò bá kún tó sì bo pápá, ọ̀pọ̀ ẹja máa ń bá omi wọ inú koríko lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ti ń jẹ tó sì ń dàgbà. Bí omi bá fà, wọn yóò padà sínú odò. Bí odò kò bá kún ní àkókò rẹ̀, ẹja kò ní rí ibi yé sí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni apẹja yóò mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Èkejì, ó ń lọ bọ́ ilẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ Wémè, ìhà Bonou àti Adjohoun, omi ń bo ilẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tó bá lọ, ó ń fi ẹrẹ̀ dúdú tó lọ́ràá sílẹ̀. Orí ẹrẹ̀ yìí ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́ sí láìra ajílẹ̀ púpọ̀. Wọ́n tún ń gbẹ́ kòtò gígùn sínú pápá. Whedo ni wọ́n ń pè é. Bí omi bá fà, ẹja á há sínú kòtò, wọn á sì lọ kó o ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìyà ni ìkún omi jẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìkún tó bá wá ní àkókò rẹ̀, tó sì mọ níwọ̀n, oúnjẹ wọn ni.

Ẹ̀kẹta, ó ń ti iyọ̀ òkun padà. Bí omi odò bá dínkù, omi iyọ̀ á gòkè wọ inú ọ̀sà. Bí omi odò bá pọ̀, iyọ̀ á padà. Ọ̀sà Nokoué ń yí padà báyìí lọ́dọọdún, ẹja inú rẹ̀ sì ti mọ ìgbà wọn. Nítorí ẹja, ẹyẹ àti àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n fi kọ orúkọ àfonífojì ìsàlẹ̀ Wémè, ọ̀sà Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́ sínú ìwé Ramsar ní 2000. Ìwé yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé ń kọ orúkọ àwọn ilẹ̀ olómi tó ṣe pàtàkì sí.

Ẹ̀kẹrin, ó ń gbé iyanrìn lọ sí etíkun. Bí iyanrìn kò bá dé etíkun mọ́, ìgbì òkun á máa jẹ ilẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, nítòsí wa níbí, ó ń fún igi etí odò lómi, ó sì ń fún ẹran àwọn Fúlàní ní mímu nígbà tí gbogbo adágún kéékèèké bá ti gbẹ.

Ẹ wò ó, iṣẹ́ márùn-ún. Ta ni yóò wá sọ pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ márùn-ún láìgba owó, aláìwúlò ni?

Ẹ wo odò Mono

Ẹ lè sọ pé, "Olùkọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wo odò tí wọ́n ti sé, tí ojú wa sì tó o.

Odò Mono wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Láti Tógò ló ti ń ṣàn bọ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé òkun, òun ni ààlà láàrin Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì pawọ́ pọ̀ kọ́ ògiri ńlá kan sórí odò náà ní Nangbéto, ní ilẹ̀ Tógò, kí wọ́n lè rí iná mànàmáná. Ìsédò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987. Agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 65. N kò ní purọ́ fún yín, ìsédò náà ṣe wá ní oore. Iná rẹ̀ wúlò fún Tógò, ó sì wúlò fún Bẹ̀nẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tó sé Mono, omi rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ẹ̀ẹ̀rùn. Omi iyọ̀ á wá gòkè wọ inú àwọn ọ̀sà ìhà Grand-Popo. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ iná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, omi ń jáde ní òjò, ó sì ń jáde ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé èyí dára. Omi ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n iyọ̀ dínkù nínú ọ̀sà. Ẹja tó fẹ́ omi iyọ̀ àti igi tó ń hù nínú omi iyọ̀ kò rí ìgbà wọn bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Iyanrìn tó yẹ kó dé etíkun sì ń dúró sẹ́yìn ògiri.

Nǹkan mìíràn tún wà. Nígbà tí òjò bá pọ̀ tí adágún ẹ̀yìn ògiri bá kún, wọn kò lè ṣe kí wọ́n má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé àti oko àwọn ará Athiémé àti àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Ẹni tí wọn kò bá kìlọ̀ fún ṣáájú, báwo ni yóò ṣe kó ẹrù rẹ̀?

Ní 2014 ni ìjọba Tógò àti ti Bẹ̀nẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé láti dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó gbogbo odò Mono. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò yín: 2014 yọ 1987. Ọdún 27 ni. Ọdún 27 lẹ́yìn tí ìsédò ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n tó ṣe é. Ìmọ̀ràn tó yẹ kó ṣáájú ògiri, ẹ̀yìn ògiri ló dé.

Bákan náà ni ti odò Volta ní Gánà. Wọ́n parí ìsédò Akosombo ní 1965. Nǹkan bí ènìyàn 80,000 ni wọ́n kó kúrò ní ilẹ̀ wọn nítorí adágún rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ògiri, àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ẹran inú ìkarawun tí wọ́n ń kó nísàlẹ̀ odò ni wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí odò kò kún kó sì fà bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òwò náà bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá 2023, adágún náà kún ju bó ti yẹ lọ, wọ́n sì tú omi sílẹ̀. Omi wọlé àwọn ará Mepe àti àwọn ìlú ìtòsí rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì di aláìnílé.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Omi tí a sé kì í kú. Ó ń dúró de ọjọ́ rẹ̀ ni.

Àwọn tó pín omi fún odò

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹkún nìkan, n kì bá tí kọ ìwé yìí. Àwọn kan wà tó ti gbìyànjú láti ṣe é dáadáa.

Ẹ wo odò Sẹ̀nẹ̀gà. Ní 1972, Málì, Moritáníà àti Sẹ̀nẹ̀gà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí odò náà. Gínì wọ inú rẹ̀ ní 2006. OMVS ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n kọ́ ìsédò kan sí Manantali ní Málì, wọ́n sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí 1988. Àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò náà dà bí àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ Wémè. Wọ́n máa ń retí kí odò kún kó sì fà, kí wọ́n tó gbin ọkà bàbà sórí ilẹ̀ tútù. Bí ògiri bá mú gbogbo omi, kí ni wọn yóò gbìn? Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbà pé kí àwọn tó ń bójú tó ìsédò máa ṣí ilẹ̀kùn ní àkókò òjò, kí odò lè kún díẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, fún ẹja àti fún koríko ẹran. Nínú ìwé àdéhùn omi tí wọ́n fi ọwọ́ sí ní 2002, ọ̀rọ̀ ìkún àmọ̀ọ́mọ̀ṣe yìí wà níbẹ̀.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dán mọ́rán. Àwọn tó ń fẹ́ iná ń fẹ́ kí omi dúró sẹ́yìn ògiri. Àwọn àgbẹ̀ ń fẹ́ kó jáde. Àríyànjiyàn kò tán láàrin wọn. Wọ́n sì kọ́ ìsédò mìíràn sí Diama, nítòsí òkun, ní 1986, kí omi iyọ̀ má bàa gòkè. Iyọ̀ kò wọlé mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tó dúró jẹ́ẹ́ láìsí iyọ̀ di ilé fún ìgbín kéékèèké tí ń gbé àrùn kan. Àrùn náà sì tàn ká Richard-Toll. Síbẹ̀, wọ́n ní ìwé àdéhùn kan tí wọ́n lè ṣí, tí wọ́n lè fi ìka tọ́ka sí, tí àgbẹ̀ lè fi béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nǹkan ńlá ni èyí.

Ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ṣe òfin omi kan ní 1998. Òfin náà sọ pé kí a tó pín omi odò fún oko tàbí fún iléeṣẹ́, kí a kọ́kọ́ yọ ìpín méjì sọ́tọ̀. Ìpín kìíní ni omi mímu àti omi ìlò àwọn ènìyàn. Ìpín kejì ni ti odò fúnra rẹ̀, kó má bàa kú. Ìyókù ni a tó pín.

Ní 2007, àwọn onímọ̀ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pàdé ní Brisbane, ní Ọsirélíà. Wọ́n fẹnu kò pé nǹkan mẹ́ta ni odò ń fẹ́: kí omi rẹ̀ tó, kó wá ní àkókò tó yẹ, kó sì mọ́. Ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí sọ́kàn. Iye, àkókò, mímọ́. Àwọn Mono tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, omi wọn tó ní ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n kò wá ní àkókò tó yẹ.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? A ní òfin omi. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 2010 ni wọ́n fi ọwọ́ sí i. Òfin náà sọ pé omi jẹ́ ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe ti ẹni tó ní ẹ̀rọ. Kì í ṣe ti ẹni tí oko rẹ̀ wà létí odò. Ti gbogbo wa ni. Ní ọdún kan náà ni ìkún omi ńlá dé bá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí nǹkan bí ènìyàn 680,000 fi rí ìpalára. Ọdún náà kọ́ wa pé ẹni tí kò bá mọ ìwà odò, odò yóò kọ́ ọ.

"Ṣé kí ebi máa pa wá ni?"

Mo mọ ohun tí bàbá yóò sọ. Yóò ní, "Olùkọ́, ṣé kí n jókòó kí tòmátì mi gbẹ, nítorí ẹja Àjàṣẹ́?"

Rárá, bàbá. Ìbéèrè yín tọ́. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. A fẹ́ omi mu. A fẹ́ iná. A fẹ́ kí ata wà lọ́jà ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ìlú tó ti gbin ìrèké rí bíi tiwa mọ̀ pé oko ńlá kò lè wà láìsí omi púpọ̀. Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ pé wọn yóò kọ́ ìsédò ńlá sórí Wémè ní Dogo, ní ìhà Kétu, nítorí iná. N kò ní kí wọ́n má kọ́ ọ. N kò sì ní kí ẹ kó ẹ̀rọ yín sínú ilé.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ béèrè, kí a sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá ń fa omi, odò kò mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ̀rọ ogójì bá ń fa omi láti inú ibi jíjìn kan ṣoṣo tó kù ní oṣù kẹta, ẹja inú rẹ̀ á kú, ẹran kò ní rí omi mu, ìyà á jẹ àwọn ìyá tí ń pọnmi, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀rọ bàbá pàápàá, ẹrẹ̀ ni yóò máa fà. Ẹni tó sé odò mọ́ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn kan wà lókè rẹ̀ tí àwọn náà lè sé e. Bí àwọn tó wà lókè bá ní àwọn náà fẹ́ sé gbogbo omi mọ́ ọ̀dọ̀ wọn, kí ni a ó wí?

Ohun tí a lè ṣe ní Ṣábẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun márùn-ún tó wà ní agbára wa.

1. Kí àwọn tó ní ẹ̀rọ létí odò pàdé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Kí wọ́n pín ọjọ́ láàrin ara wọn. Kí wọ́n fi àmì kan sí ara òkúta nínú odò, kí wọ́n sì gbà pé bí omi bá sọ̀ kalẹ̀ dé àmì náà, gbogbo ẹ̀rọ yóò dákẹ́. Kí wọ́n pe àwọn Fúlàní darandaran àti àwọn ìyá tí ń pọnmi sí ìpàdé náà, nítorí pé àwọn náà ni omi.

2. Kí a má ṣe ro oko dé ẹnu odò. Kí a fi igi etí odò sílẹ̀. Gbòǹgbò wọn ló di ilẹ̀ mú. Níbi tí wọ́n bá ti gé wọn, òjò á gbá ilẹ̀ sínú odò, ibi jíjìn tó ń gba omi dúró fún wa ní ẹ̀ẹ̀rùn á sì kún fún iyanrìn.

3. Kí a má ṣe fọ ohun tí a fi wọ́n oògùn òwú nínú odò. Kí a má ṣe fi oògùn pa ẹja. Ẹ rántí pé mímọ́ wà lára ohun mẹ́ta tí odò ń fẹ́.

4. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé ìsédò wá, ìbáà ṣe ńlá, ìbáà ṣe kékeré, kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Omi mélòó ni yóò máa kọjá lẹ́yìn ògiri yìí? Ní oṣù wo ni yóò máa kọjá? Ta ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn? Báwo ni wọn yóò ṣe kìlọ̀ fún àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i? Bí kò bá sí ìdáhùn nínú ìwé náà, a kò tíì ṣe tán láti tẹ ìka.

5. Kí a máa ka odò. Bẹ́ẹ̀ ni, kí a máa kà á. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wọn gíga omi Wémè ní afárá Ṣábẹ. Irin ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ́ ní kíláàsì ni. Ẹni tó bá lè ka 1, 2 àti 3 lè mọ̀ bóyá odò ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó lè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé náà yóò sọ fún wa ìgbà tó yẹ kí a pa ẹ̀rọ àti ìgbà tó yẹ kí a kó kúrò létí odò. Nígbà náà, bí a bá lọ sí mẹ́rì láti sọ̀rọ̀ omi, a kò ní lọ lọ́wọ́ òfo.

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyí. Nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀wé, wọn á ka ìwé sí yín létí, ẹ ó sì tẹ ìka. Ohun tí ẹni tó kà á bá fò, ẹ kò ní mọ̀. Nísinsìnyí, ojú yín ti là. Ìwé omi ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Ìdáhùn mi fún bàbá

Bàbá, ẹ dákun, mo padà sórí òwe yín. Òwe náà dùn, òótọ́ sì ni. Omi tí ènìyàn yóò mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe kò ní kí ẹnì kan mu gbogbo omi. Èyí tí èmi yóò mu ni kò ní ṣàn kọjá mi. Èyí tó bá ṣàn kọjá mi, ẹlòmíràn ló ni ín. Bóyá ọmọ kan ní Bonou ni. Bóyá ẹja tí ìyá kan yóò tà ní Àjàṣẹ́ ni. Bóyá ìyá kan tó jókòó ti ihò nínú iyanrìn, tó mú igbá dání, tí ọmọ rẹ̀ sì dúró tì í ni.

Ẹ jẹ́ kí a bu tiwa. Kí a sì jẹ́ kí tiwọn kọjá.

Ẹ jíròrò ìbéèrè wọ̀nyí ní kíláàsì:

1. Iṣẹ́ mélòó ni ìwé yìí sọ pé omi tó ń kọjá ń ṣe? Ẹ dárúkọ mẹ́ta nínú wọn.
2. Ohun mẹ́ta wo ni odò ń fẹ́?
3. Kí ló yẹ kí ó ṣáájú ní odò Mono, tí ó wá di èyí tó dé lẹ́yìn?
4. Ní àdúgbò yín, ta ni kò sí ní ìpàdé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ omi? Báwo ni ẹ ó ṣe pè é?